Ọ̀nà Omi Nínú Ọkọ̀ Àtijọ́

Omi kò lọ́tàá, ni àwọn baba wa máa ń wí, òtítọ́ ọ̀rọ̀ sì ni níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ẹ̀dá tí ń mí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní ọkọ̀ tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní ogójì ọdún ní ìlú Abidjan, tí ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe ní ẹ̀yìnkùlé, yóò rí i kí ó tó pẹ́ pé irin kò mọ òwe yìí. Mo ti wo ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n pa tì sí ẹ̀bá ọ̀nà ní Koumassi, ní Port-Bouët àti ní Adjamé, ohun tí mo sì rí ni pé díẹ̀ nínú wọn ni ìrìn àjò pa. Omi ni ó pa èyí tí ó pọ̀ jù, yálà nítorí pé ó wọ ibi tí kò yẹ kí ó wọ̀, tàbí nítorí pé kò sí ní ibi tí ó yẹ kí ó wà. Ìdí nìyí tí orí yìí fi jẹ́ ti omi. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà tí omi ń gbà nínú ọkọ̀, tí ó mọ ibi tí a ti ń sé e mọ́ àti ibi tí a ti ń lé e jáde, ti kọ́ ju ìlàjì iṣẹ́ mọkálíìkì ilé lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí ìlú náà tẹ̀dó sí, nítorí bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ọ̀sà Ébrié ni ó la Abidjan sí méjì: Plateau àti Adjamé wà ní apá òkè, Treichville, Marcory àti Koumassi wà lórí erékùṣù láàárín omi, òkun Atlantic sì ń bú ramúramù ní ẹ̀bá Port-Bouët. Ní ọdún 1950 ni wọ́n la ilẹ̀ já ní Vridi kí àwọn ọkọ̀ ojú omi ńlá lè ti inú òkun wọ inú ọ̀sà, láti ìgbà náà ni omi iyọ̀ sì ti ń wọlé, tí ó ń jáde, láàárín ìlú gan-an. Nínú gbogbo ọ̀rinrin tí afẹ́fẹ́ lè gbé, afẹ́fẹ́ Abidjan ń gbé ju ìdá 80 nínú 100 lọ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ nínú ọdún. Òjò ńlá a máa rọ̀ láti oṣù Karùn-ún dé oṣù Keje, oṣù Kẹfà ni ó sì máa ń le jù. Ní àkókò tí òjò bá sì dá, atẹ́gùn òkun a máa gbé iyọ̀ tí ojú kò rí, á fi kun gbogbo ohun tí a fi irin ṣe.

Inú irú afẹ́fẹ́ báyìí ni Peugeot 404, tí ó jáde ní 1960, àti àbúrò rẹ̀, 504, tí ó jáde ní 1968, tí wọ́n sì dá lọ́lá gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ọdún ní ilẹ̀ Yúróòpù ní 1969, ti sin àwọn ará Abidjan. Àwọn Yorùbá tí àwọn onílé ń pè ní Nàgó, ọmọ Èjìgbò, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Àjílété, ọmọ Ṣakí Àsabàrí, ti kó ọjà wọn sẹ́yìn Píjò 404 tí a fi tapólì bò, wọ́n sì ti fún ara wọn mọ́ inú 504 elérò púpọ̀ lójú ọ̀nà tí ó gba Accra, Lomé àti Kútọnu lọ sí Èkó. Ní ti àwọn ará ilé ní Nàìjíríà, ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 pọ̀ ní Kàdúná, nítorí náà ni ẹni tí ó bá wá ẹ̀yà ara rẹ̀ tì ní casse (ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ àlòkù) Abobo ṣe lè ránṣẹ́ sí ọjà Ládipọ̀ ní Múṣin. Àwọn àlòkù mìíràn tí wọ́n ti Yúróòpù wọlé ni àwọn ará Abidjan ń pè ní France au revoir. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá ọdún 2017 ni ìjọba Côte d'Ivoire ṣe òfin kan, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2018, pé ọkọ̀ kékeré àlòkù tí ó bá ti ju ọdún 5 lọ kò gbọdọ̀ wọlé mọ́. Èyí já sí pé iye àwọn arúgbó tí ó wà nílẹ̀ ni a ní. Èyí tí ìpẹtà bá jẹ run, kò sí èyí tí yóò ti òkè òkun wá rọ́pò rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ojú ẹ̀gbin wo àwọn arúgbó wọ̀nyí. Ní 1969 ni eré ìje ọkọ̀ tí wọ́n fi odò Bandama sọ lórúkọ bẹ̀rẹ̀ ní Côte d'Ivoire, ọ̀nà igbó àti eruku ni wọ́n sì ń gbà sá a. Ní 1972 ọ̀nà náà le tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ kan ṣoṣo kò fi lè parí ìje náà láàárín àkókò tí wọ́n dá. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, ní 1974, Timo Mäkinen, ọmọ ilẹ̀ Finland, fi Píjò 504 borí. Ó tún fi 504 borí ní 1976, Jean-Pierre Nicolas ará Faransé sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1978. Òótọ́ ni pé wọ́n fún ọkọ̀ ìje wọ̀nyẹn lágbára ju ti oníṣòwò lọ, síbẹ̀ ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ọ̀kan ru ẹfun àti ẹja gbígbẹ, èkejì ru ife-ẹ̀yẹ.

Ohun tí ó mú kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dára fún ẹni tí ń ṣiṣẹ́ nílé ni pé kò fi inú rẹ̀ pamọ́. Bí a bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì 504, ojú á ríran dé ilẹ̀. Kò sí kọ̀ǹpútà tí a ní láti bẹ̀ kí ó tó sọ ohun tí ń ṣe é, ohun gbogbo tí ó bá sì bàjẹ́ ni ó ní ìdí tí ènìyàn lè fi ojú rí, fi ọwọ́ kàn, tàbí fi etí gbọ́. Ògún Lákáayé, tí ó ni irin, kò fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe awo fún ẹni tí ó bá ní sùúrù. Sùúrù yìí gan-an ni mo fẹ́ kí a lò láti tọ ipasẹ̀ omi.

Nínú ẹ́ńjìnnì ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí epo bẹntiróòlù bá jó, ooru rẹ̀ a máa ju 2,000°C lọ fún ìṣẹ́jú àáyá tí kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ṣe orí ẹ́ńjìnnì 504 ń yọ́ ní 660°C. Nínú agbára tí ó wà nínú epo náà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ni ó ń yí táyà. Ìyókù di ooru, apá kan bá èéfín jáde, omi sì ni ó ní láti ru apá kejì, bí ó ti ń ti ara irin gbà á, tí ó ń gbé e lọ sínú rẹdiétọ̀, tí atẹ́gùn sì ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Tẹmosítáàtì ni adènà ọ̀nà yìí: ó ń ti ilẹ̀kùn nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ó sì ń ṣí i nígbà tí omi bá ń sún mọ́ 80°C tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Àwọn kan a máa yọ ọ́ sọnù, wọ́n ní ilẹ̀ olóoru ni a wà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná tó a máa jẹ epo, omi tí epo jíjó ń bí nínú rẹ̀ kì í sì í gbẹ, á dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, á sì máa jẹ irin láti inú.

Ọmọrí rẹdiétọ̀ pẹ̀lú ní iṣẹ́ tí ó ju bíbo ihò lọ. Omi lásán ń hó ní 100°C, ṣùgbọ́n bí ìkòkò tí a gbé òkúta lé ọmọrí rẹ̀, omi tí a bá há mọ́ kì í tètè hó: bí ọmọrí náà bá lè fi ìdajì ìwúwo afẹ́fẹ́ ayé kún èyí tí ó ti wà lórí omi, omi náà kò ní hó títí yóò fi gbóná tó nǹkan bí 111°C. Nítorí náà, rọ́bà ọmọrí tí ó ti sán, tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, lè mú ọkọ̀ tí ohunkóhun kò ṣe máa hó lórí afárá De Gaulle nígbà tí ọkọ̀ bá dí ojú ọ̀nà. Ìdí kan náà ni a kò fi gbọdọ̀ ṣí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná: omi tí a há mọ́ ní 105°C á di oruku gbígbóná lójú ẹsẹ̀ tí a bá tú u sílẹ̀, ojú àti àyà ẹni tí ó ṣí i ni yóò sì tú lé lórí.

Níbi ooru yìí ni owó púpọ̀ ti ń ṣòfò. Ọkọ̀ bá ń gbóná, wọ́n á ra rẹdiétọ̀. Ó tún gbóná, wọ́n á ra fáńpù omi. Ó tún gbóná, wọ́n á ní kí a tú orí ẹ́ńjìnnì. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Nínú ọ̀pọ̀ Píjò 404 àti 504, fáànù iwájú kì í yí pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì nígbà gbogbo: òòfà oníná kan ni ó ń fà á mọ́ ìdí rẹ̀ nígbà tí omi bá gbóná dé ìwọ̀n kan, tí ó sì ń jọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà tí omi bá rọ. Ẹyọ èédú kékeré kan, tí kò ju orí ìka lọ, ni iná ń gbà dé inú òòfà náà bí ó ti ń yí. Èédú yìí a máa jẹ díẹ̀díẹ̀ títí kò fi ní kan ibi tí ó yẹ kí ó kàn mọ́. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn ọ̀nà á tó o. Bí ó bá dúró nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ní Adjamé, kò sí ohun tí yóò fẹ́ ẹ. Nítorí náà, ọkọ̀ tí ó ń gbóná ní ìdúró tí kì í gbóná lórí eré ti sọ àrùn rẹ̀ fún ẹni tí ó bá fetí sílẹ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ibi tí iná ti ń wá, ẹ yọ wáyà méjèèjì tí ó wọ inú súwíìṣì ooru tí ń pàṣẹ fún òòfà, kí ẹ sì fi okùn wáyà kúkúrú so wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ “tà!” láti ìdí fáànù, òòfà náà dára, súwíìṣì ni ó kú, bí ẹ kò bá gbọ́ nǹkan kan, ẹ wo èédú àti wáyà tí ó gbé iná wá. Ìdánwò yìí kò ná ènìyàn ní kọ́bọ̀, mo sì kà á sí ọ̀kan nínú ìgbádùn tí ó ga jù nínú iṣẹ́ yìí, pé kí ènìyàn bi irin léèrè, kí irin sì dá a lóhùn.

Ẹ tún jẹ́ kí a wo omi náà fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti rí, kí ó jẹ́ kí ó tutù pátápátá, kí ó gbé agbada funfun sí abẹ́ rẹdiétọ̀, kí ó sì tú omi sílẹ̀. Bí ó bá mọ́, kí ó dúpẹ́. Bí ó bá pọ́n bí osùn, ara ẹ́ńjìnnì ni ó ń ṣàn lọ yẹn. Kí ó fi ìka pa ohun tí ó bá sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ agbada, yóò rí i pé ó kúnná, ó sì ń ta ni lọ́wọ́: irin ni, tí ó ti di erùpẹ̀, tí ó sì ń lọ dí àwọn ojú ihò tóóró inú rẹdiétọ̀. Omi ẹ̀rọ lásán tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bù sí i ni ó fa èyí. Wọ́n ní kúláǹtì, oògùn òtútù ni, yìnyín kì í sì í bọ́ ní Abidjan; ọ̀rọ̀ yìí dùn létí ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ ni pé kì í jẹ́ kí omi dì ní ilẹ̀ òtútù, ṣùgbọ́n èròjà tí ń dáàbò bo irin lọ́wọ́ ìpẹtà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, ó sì ń gbé ìwọ̀n híhó omi sókè. Ẹ́ńjìnnì 504 sì nílò rẹ̀ ju òmíràn lọ, nítorí orí rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ irin. Nígbà tí irin méjì tí kò jọra bá jọ wà nínú omi tí nǹkan ti yọ́ sínú rẹ̀, iná mànàmáná wẹ́wẹ́ á máa ti ara ọ̀kan lọ sí ara èkejì bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ nínú bátìrì, alumíníọ̀mù ni yóò sì máa ṣòfò. Bí ooru bá sì tún pọ̀ jù, alumíníọ̀mù a máa fẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po méjì irin, orí ẹ́ńjìnnì á wọ́, gásíkẹ́ẹ̀tì á bẹ́, omi á dà sínú ọ́ìlì. Nítorí náà kí ènìyàn fi omi mímọ́ fọ inú rẹ̀ títí yóò fi mọ́, kí ó sì da kúláǹtì tí a ti pò sí i. Májèlé ni kúláǹtì yìí o, adùn rẹ̀ sì ni ewu rẹ̀. Kí ẹ pa á mọ́ fún ọmọdé àti ajá.

Wàyí o, a dé ibi tí omi kò gbọdọ̀ wọ̀. Ìpẹtà kì í ṣe ọgbẹ́ orí ara lásán. Kí irin tó lè dógùn-ún, ó gbọ́dọ̀ rí omi, kí ó sì rí ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́. Ibi kan lára rẹ̀ á máa tú sínú omi, iná wẹ́wẹ́ á sì máa ti ibẹ̀ rìn lọ sí ibòmíràn lára irin kan náà, níbi tí ọ́síjìn ti ń gbà á. Iyọ̀ ni ó ń mú ìrìnàjò náà yá, nítorí omi oníyọ̀ ń gbé iná ju omi òjò lọ. Kì í sì í ṣe òjò nìkan ni ó ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: bí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá ti kọjá nǹkan bí ìdá 60 nínú 100, omi tí ó tinrín tí ojú kò lè rí á bo ara irin, ìyẹn sì tó. Ẹ rántí pé ti Abidjan ń kọjá 80. Ọkọ̀ tí a bò mọ́lẹ̀ pẹ̀lú tapólì tí kò jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé kò sùn lálàáfíà. Ó sàn kí ó wà lábẹ́ òrùlé tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìpẹtà gba àyè ju irin tí ó bí i lọ, nítorí náà a máa ti ọ̀dà sókè láti abẹ́, tí ènìyàn á rò pé roro kékeré ni, nígbà tí ihò ti wà ní inú. Àwọn igi ẹ̀gbẹ́ tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, àti ìdí sípíríǹgì ni ibùba rẹ̀. Àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ dá ihò wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ àwọn ibi wọ̀nyí kí omi lè máa sẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n eruku àti ewé a máa dí wọn. Fífi wáyà la ihò wọ̀nyí kí oṣù Karùn-ún tó dé ni iṣẹ́ tí ó kéré jù tí èrè rẹ̀ sì pọ̀ jù nínú gbogbo iṣẹ́ mọkálíìkì ilé. Lẹ́yìn náà kí ènìyàn gbé ọkọ̀ sórí àga irin tí ó dúró gbọn-in, kí ó má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan láéláé, kí ó sì máa fi ìdí súkúrúdíráfà gbá abẹ́ rẹ̀ wò: irin tí ó yè á dún gan-an, èyí tí ó ti kú á dún bọ́. Níbi tí ó bá yè, kí ó fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà họ ọ́ títí yóò fi tàn. Bí ó bá ti tàn, kí ó má tíì kun ún: kí ó fi omi mímọ́ tí kò níyọ̀ fọ̀ ọ́ kí ó sì jẹ́ kí ó gbẹ nínú oòrùn, nítorí iyọ̀ tí a bá kun ọ̀dà lé lórí á máa fa omi mọ́ra lábẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ náà kò sì ní pẹ́ ọdún kan. Kí ó wá fi ásíìdì fọsifọ́ríìkì pa á, kí ó kun ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí ó ní síńkì, kí ó tó kun àwọ̀ tí ojú ń rí. Kí ó sì fi ọ̀pá rọ́bà fọ́n ọ́ìlì tàbí ìda sínú àwọn igi tí ó ní ihò nínú. Níbi tí irin bá ti kú, kí ó lọ bá àwọn tí ń jó irin; kò sí ọ̀dà tí ó jí òkú.

Omi tún ń wọ táńkì epo. Táńkì tí kò kún ní afẹ́fẹ́ nínú, afẹ́fẹ́ ní ọ̀rinrin nínú. Bí alẹ́ bá tutù, ọ̀rinrin náà á di omi lára irin, á wọ́ lọ sí ìsàlẹ̀ epo nítorí ó wúwo jù ú lọ, á máa ṣe ìpẹtà níbẹ̀, ìpẹtà á sì lọ dí kabúrétọ̀. Kí táńkì ọkọ̀ tí kì í jáde lójoojúmọ́ máa kún.

Ní ti iná, láti ìgbà tí onímọ̀ ẹ̀rọ Charles Kettering ti fún ọkọ̀ Cadillac ní iná bátìrì ṣáájú 1912 ni ọ̀nà rẹ̀ kò ti yí padà púpọ̀ títí dé ayé 504: pọ́íǹtì kékeré méjì á fi ẹnu kanra, á sì yapa, kọ́ìlì á sì sọ iná 12 fóòtì di èyí tí ó ju 15,000 lọ kí ó lè fò kọjá lẹ́nu púlọ́ọ̀gì. Iná tí ó le tó bẹ́ẹ̀ ń wá ọ̀nà àbùjá. Ní àárọ̀ oṣù Kẹfà, wáyà tí ó ti gbó tí ìrì sì bò á ti tó fún un. Bí ọkọ̀ kò bá fẹ́ jí lẹ́yìn òjò, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu àwọn wáyà púlọ́ọ̀gì àti inú ọmọrí tí wọ́n so mọ́ kí ẹ tó ra ohunkóhun. Bí ẹ bá sì ṣí ọmọrí náà, ẹ wo pọ́íǹtì: àyè tí ó yẹ kí ó wà láàárín wọn jẹ́ nǹkan bí 0.4 mìlímítà, èyí tí a ń fi ewé irin tín-ín-rín wọ̀n, tí a sì mọ̀ pé ó pé nígbà tí ewé náà bá ń kọjá pẹ̀lú ìdíwọ́ díẹ̀, láìfi agbára tì í.

Ibi ìkẹyìn ni omi bíréèkì, mo sì fẹ́ kí òǹkàwé kà á lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ìyókù lè bà wá lówó jẹ́, èyí lè gba ẹ̀mí. Omi bíréèkì a máa fa ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́, ó ń gba inú rọ́bà wọlé láìsí ihò. Èyí tí wọ́n ń pè ní DOT 4 kò gbọdọ̀ hó ṣáájú 230°C nígbà tí ó bá jẹ́ tuntun. Bí omi inú rẹ̀ bá ti tó bí ìdá 4 nínú 100, ìwọ̀n náà lè já wálẹ̀ sí 155°C. Bí ó bá hó nígbà tí ènìyàn ń sọ̀kalẹ̀ òkè pẹ̀lú ẹrù, oruku ni yóò wà nínú páìpù, oruku sì ń sún kì, ẹsẹ̀ á dé ilẹ̀, ọkọ̀ kò ní dúró. Ní ilẹ̀ gbígbẹ wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méjì. Ní Abidjan mo gbà pé kí ó jẹ́ ọdọọdún, lẹ́yìn tí òjò ńlá bá ti lọ.

Lẹ́yìn gbogbo iṣẹ́ yìí ni ìgbádùn. Ní ọjọ́ Àìkú, tí ojú ọ̀nà bá fúyẹ́, kí ènìyàn kó àwọn ará ilé sínú Píjò rẹ̀, kí ó wa á lọ sí Grand-Bassam, ìlú tí ó ti ṣe olú ìlú ilẹ̀ náà rí láti 1893 kí àrùn ibà pọ́njú tó lé ìjọba kúrò níbẹ̀, tí UNESCO sì fi kún àwọn ogún ayé ní 2012; ọ̀nà náà kò tó wákàtí kan bí kò bá sí ìdíwọ́, àga 504 rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, a sì máa gbé kòtò mì láìsọ ọ́ fún ẹni tí ó jókòó. Etíkun ni ọ̀nà yìí gbà, nítorí náà kí ó tó di alẹ́ tí wọ́n bá padà dé, kí ó na rọ́bà omi sí abẹ́ ọkọ̀, kí ó fọ ìdí sípíríǹgì, inú ibi tí táyà ń yí àti ẹ̀yìn bọ́ńpà dáadáa, kí ó sì wa á yí àdúgbò ká lẹ́ẹ̀kan sí i kí bíréèkì lè gbẹ.